Bí A Ti Í Mọ̀ Pé Nútírọ́ọ̀nù Kọjá

 

Egbe ni n ó ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi. Ó ti pẹ́ tí a ti ń wa òkúta dúdú kan tí ó wúwo ní ilẹ̀ Yàgbà níbẹ̀. Columbite àti tantalite ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Tantalum tí a ń yọ nínú rẹ̀ wúlò fún tẹlifóònù àti kọ̀ǹpútà. Ẹni tí ó wa òkúta náà kì í sábà mọ bí tantalum inú àpò rẹ̀ ti pọ̀ tó. Ẹni tí ó fẹ́ rà á ni ó ń dá iye lé e. Ọ̀nà kan tí a lè gbà mọ̀ ọ́n láìṣiyèméjì ni kí a rán nútírọ́ọ̀nù wọ inú òkúta lọ. Ṣùgbọ́n nútírọ́ọ̀nù fúnra rẹ̀, ta ni ó fojú rí i rí?

James Chadwick, ará Gẹ̀ẹ́sì, ni ó fi í han aráyé ní Cambridge ní ọdún 1932. Ohun tí ó fà á tí ó fi pẹ́ bẹ́ẹ̀ ni pé kò ní iná mànàmáná lára. Próótọ́ọ̀nù ní in. Bí ó bá ń la gáàsì kọjá, a máa já ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kúrò lára àwọn átọ́ọ̀mù ojú ọ̀nà, ẹ̀rọ a sì ka ipasẹ̀ rẹ̀. Ní ti nútírọ́ọ̀nù, ńṣe ni ó ń wọlé láìkágò.

Ọgbọ́n tí a dá sí i ni pé kí a fi ohun tí ó lè gbé e mì dè é lọ́nà. A ń rọ gáàsì tí ó ní bórọ̀nù sínú ọ̀pá irin. Bí bórọ̀nù oníye 10 bá gbé nútírọ́ọ̀nù mì, kóró rẹ̀ a fọ́ sí méjì, álífà àti lítíọ̀mù. Àwọn méjèèjì ní iná lára. Tiwọn ni ẹ̀rọ ń gbọ́. Hílíọ̀mù oníye 3 náà mọ iṣẹ́ yìí ṣe, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n, ó sì wọ́n.

Nútírọ́ọ̀nù tí ó bá ń sáré jù ṣòro láti gbé mì. Ẹ wo ọmọ ayò: bí ẹ bá sọ ọ́ mọ́ ọlọ, yóò ta padà tòun ti eré rẹ̀, bí ó bá kọlu ọmọ ayò ẹgbẹ́ rẹ̀, ó lè fi gbogbo eré náà lé e lọ́wọ́. Kóró háídírójìn ni ẹgbẹ́ nútírọ́ọ̀nù, nítorí ìwúwo wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ìdí nìyí tí a fi ń fi omi tàbí ìda àbẹ́là yí ẹ̀rọ ká. Òjé tí a gbójú lé fún ìtànṣán gáámà kò rí nǹkan púpọ̀ ṣe sí eré rẹ̀.

Òkúta Egbe wá ń kọ́? Ní Zaria, ní Yunifásítì Ahmadu Bello tí orúkọ rẹ̀ kò ṣàjèjì ní Kabba nítorí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Iṣẹ́ Àgbẹ̀, ni ẹ̀rọ átọ́ọ̀mù kékeré tí a ń pè ní NIRR-1 wà. Àwọn ará Ṣáínà ni wọ́n ṣe é. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2004. Agbára rẹ̀ kò ju nǹkan bíi kìlówáàtì 30 lọ, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má retí iná ìlú láti ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nútírọ́ọ̀nù ni ó ń pèsè. Ní ọdún 2018 ni a yọ uranium àkọ́kọ́ inú rẹ̀, èyí tí ó lágbára dé ìwọ̀n tí ènìyàn búburú lè fi ṣe bọ́ǹbù, a dá a padà sí Ṣáínà, a sì fi èyí tí kò lágbára tó bẹ́ẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀.

Níbẹ̀, a ó lọ òkúta kúnná, a ó wọn díẹ̀ sínú ike, a ó sì gbé e síwájú àwọn nútírọ́ọ̀nù. Wúrà tí ó bá gba ọ̀kan yóò di wúrà oníye 198, tí ìdajì rẹ̀ ń yí padà láàárín ọjọ́ 2.7, ti tantalum ń gbà tó ọjọ́ 115. Bí wọ́n ti ń yí padà ni olúkúlùkù ń ta ìtànṣán gáámà tirẹ̀. Ẹ̀rọ germanium, tí a fi náítírójìn olómi mú tutù dé ìwọ̀n 196 nísàlẹ̀ òdo, ń dá wọn mọ̀ yàtọ̀, bí ìyá ti í dá ohùn ọmọ rẹ̀ mọ̀ láti ẹ̀yìn ògiri.

Òkúta dúdú yìí sábà máa ń ní uranium àti thorium díẹ̀ nínú, kò sì yẹ kí a kó àpò rẹ̀ sí yàrá tí a ń sùn. Olùkọ́ físíìsì tí ó bá rí ẹ̀rọ Geiger kan yá, kí ó gbé e sún mọ́ òkúta náà lójú àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, kí wọ́n ka iye ìgbà tí ó ké ní ìṣẹ́jú kan, kí wọ́n sì tún un kà níbi tí òkúta kò sí.