Orúnkún Méjì Péré La Ní: Bí A Ṣe Ń Yan Ààbò Orúnkún àti Ojúgun fún Kẹ̀kẹ́ Orí Òkè

  

Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ la fẹ́ sọ lónìí. Kì í ṣe kẹ̀kẹ́ Márúwá o! Kẹ̀kẹ́ ológeere ni mò ń sọ, èyí tí wọ́n ń pè ní mountain bike, tí táyà ẹ̀ tóbi, tí wọ́n fi ń sáré lórí òkè, nínú igbó, láàárín òkúta àti gbòǹgbò igi. Àwọn kan nínú yín wà ní ìlú Ọba, àwọn ọ̀rẹ́ yín ti pè yín jáde lópin ọ̀sẹ̀, ẹ ò sì fẹ́ kọ̀. Àwọn kan wà nílé níbí, wọ́n rí fídíò, ó wọ̀ wọ́n lójú. Ẹ ti ra akoto. Ó dáa. Ó wá ku ẹsẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá wá ààbò orúnkún lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nǹkan tẹ́ ẹ máa rí á pọ̀ débi tójú á fi pòòyì. Èyí ki, èyí fẹ́lẹ́, èyí dà bí ìbọ̀sẹ̀, èyí dà bí ẹsẹ̀ róbọ́ọ̀tì. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe ni pé wọ́n á mú èyí tó ki jù, tàbí èyí tówó ẹ̀ kéré jù. Èmi ò fara mọ́ méjèèjì. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú kúrò níbí lónìí ò ju ẹyọ kan lọ: ààbò tó dáa jù ni èyí tó ṣì máa wà lójú orúnkún yín ní ìṣẹ́jú àáyá tẹ́ ẹ bá ṣubú. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó ti yọ̀ wálẹ̀ sí ọrùn ẹsẹ̀ ò ní í ṣe yín láǹfààní, èyí tẹ́ ẹ bọ́ sínú báàgì torí ooru náà ò sì ní í ṣe yín láǹfààní.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹsẹ̀ gan-an. Ewu méjì ló wà níbẹ̀, wọn ò sì jọra. Èkíní ni ti orúnkún. Téèyàn bá ṣubú lórí kẹ̀kẹ́, orúnkún sábà máa ń wà lára ohun tó kọ́kọ́ balẹ̀. Ó lè gbá òkúta, ó lè gbá gbòǹgbò igi, ó tiẹ̀ lè gbá ọwọ́ kẹ̀kẹ́ náà fúnra ẹ̀. Èkejì ni ti ojúgun, pẹ́dà ló sì máa ń fa èyí. Pẹ́dà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò lórí òkè jẹ́ pẹrẹsẹ, wọ́n sì to ìṣó irin kéékèèké sí i lára kí bàtà má baà yọ̀. Tí ẹsẹ̀ bá ṣèèṣì yọ̀ kúrò, pẹ́dà á yí bìrí, ìṣó yẹn á sì gbá ojúgun. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ojúgun ò lẹ́ran. Awọ nìkan ló wà níbẹ̀, eegun ló sì kàn.

Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ kọ́ ni pé ilé iṣẹ́ wo ló dáa jù. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni: irú pẹ́dà wo lẹ̀ ń lò? Tó bá jẹ́ pẹrẹsẹ oníṣòó, tẹ́ ẹ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, ẹ nílò ààbò ojúgun pẹ̀lú ti orúnkún. Tó bá jẹ́ irú èyí tí bàtà ń há mọ́ pẹ́dà bí ìgbà tí kọ́kọ́rọ́ wọ àgádágodo, pẹ́dà ò ní í fi bẹ́ẹ̀ ráyè gbá ojúgun, torí náà ti orúnkún nìkan lè tó yín.

Ìbéèrè kejì: ta ló ń gbé yín gòkè? Ẹ má rẹ́rìn-ín, ìbéèrè gidi ni. Ní BikePark Wales, nítòsí ìlú Merthyr Tydfil ní ilẹ̀ Wales, ọkọ̀ wà tó ń gbé èèyàn àti kẹ̀kẹ́ lọ sórí òkè, ẹ ó kàn máa sọ̀ kalẹ̀ ni. Níbẹ̀, ààbò tó ki tó sì gùn dé ojúgun ò ní í yọ yín lẹ́nu púpọ̀, torí pé ẹ ò fi ẹsẹ̀ yín gòkè. Àmọ́ tó bá jẹ́ ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa wa kẹ̀kẹ́ gòkè fún wákàtí méjì kẹ́ ẹ tó sọ̀, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ẹni tó bá sì ń wa kẹ̀kẹ́ lórí òkè Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta lọ́sàn-án gangan mọ̀ pé oòrùn ibẹ̀ ò mọ ẹni ọ̀wọ̀. Èyí tó fẹ́lẹ́, tí afẹ́fẹ́ ń gbà lẹ́yìn ẹ̀, lẹ máa lè wọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ní ìlú Ọba, wọ́n máa ń fi àwọ̀ sàmì sí ọ̀nà orí òkè: àwọ̀ ewé ló rọrùn jù, aró ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà pupa, dúdú ló sì le. Àwọn kan rò pé ọ̀nà dúdú nìkan ló yẹ kéèyàn wọ ààbò lọ. Ṣé òkúta tó wà lọ́nà aró rọ̀ ju ti ọ̀nà dúdú lọ ni? Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ ló ń ṣubú jù, ọ̀nà tó rọrùn ló sì ti ń kọ́ ọ.

Ó yá, irú wo ló wà? Mo pín wọn sí mẹ́ta. Èkíní ni èyí tá a ń fà wọ̀ bí ìbọ̀sẹ̀, tó ní fóòmù níwájú. Ó fúyẹ́, ó sì dáa fún ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ ara ẹ̀ gòkè. Èkejì nípọn jù ú lọ, ó ní bẹ́líìtì alẹ̀mọ́ lókè àti nísàlẹ̀, òmíràn sì ṣeé tú láìbọ́ bàtà. Ẹ̀kẹta ni èyí tó ní páálí ike líle níwájú, tí òmíràn nínú wọn sì gùn dé ojúgun. Ike yẹn ń jẹ́ kí orúnkún yọ̀ kọjá lórí òkúta dípò kó há síbẹ̀. Èyí ló bá àwọn tó ń sáré sọ̀ kalẹ̀ mu.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa béèrè pé: fóòmù rírọ̀ yìí, ṣé ó lè dáàbò bo ẹnikẹ́ni? Ẹ ro ògì tó ti silẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ike, tí wọ́n ti da omi orí ẹ̀ nù. Tẹ́ ẹ bá rọra ti ìka bọ inú ẹ̀, á wọlé wọ́ọ́rọ́. Tẹ́ ẹ bá gbá a ní ẹ̀ṣẹ́ lójijì, á le koko. Irú ìwà yẹn làwọn fóòmù kan ń hù. Èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú wọn ni D3O, tí Richard Palmer, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dá ilé iṣẹ́ ẹ̀ sílẹ̀ ní 1999. Bẹ́ ẹ bá ń wa kẹ̀kẹ́ jẹ́jẹ́, ó máa ń rọ̀, á máa bá orúnkún yín tẹ̀. Tẹ́ ẹ bá balẹ̀ lójijì, á le, á sì pín agbára náà káàkiri. Nítorí náà, kíki nìkan kọ́ ni ẹ̀rí.

Kí wá ni ẹ̀rí? Ẹ wo àkọlé tó wà lára ẹ̀. Ìlànà ìdánwò kan wà ní Yúróòpù tí wọ́n ń pè ní EN 1621-1. Àwọn tó ń gun alùpùpù ni wọ́n torí wọn ṣe é, àmọ́ àwọn tó ń ṣe ààbò fún oníkẹ̀kẹ́ náà ń lò ó. Wọ́n á gbé ààbò náà lé orí irin, wọ́n á wá ju irin mìíràn tó wúwo tó kílò 5 lé e látòkè, láti nǹkan bíi mítà 1. Ẹ ro àpò ìrẹsì kékeré oníkílò 5 tó já bọ́ sórí orúnkún yín láti ibi tó ga ju tábìlì lọ díẹ̀. Wọ́n á wọn agbára tó là á kọjá. Tí ìpíndọ́gba ẹ̀ ò bá ju 35 kilonewton lọ, Level 1 nìyẹn. Tí kò bá ju 20 lọ, Level 2 ni, ìyẹn ló sì gbà jù. Ẹ ó tún rí lẹ́tà níbẹ̀: K dúró fún orúnkún àti òkè ojúgun, L dúró fún ìsàlẹ̀ ojúgun, K+L sì kó méjèèjì pọ̀. Type B gbòòrò ju Type A lọ. Tẹ́ ẹ bá rí CE nìkan láìsí nọ́ńbà, láìsí Level, ẹ bi ẹni tó ń tà á.

Sáìsì ló kù, ibẹ̀ sì lọ̀pọ̀ ti ń fowó ṣòfò. Ẹ mú téèpù bíi ti télọ̀. Ẹ wọn itan lókè orúnkún, ẹ wọn ojú orúnkún, ẹ wọn ibi tó ki jù lẹ́yìn ojúgun. Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló máa ń sọ ibi tó fẹ́ kẹ́ ẹ ti wọ̀n ọ́n, torí náà ẹ ka àtẹ tiwọn. M níbí lè má jẹ́ M lọ́hùn-ún. Tó bá dé ọwọ́ yín, ẹ wọ̀ ọ́ nínú ilé, ẹ má tíì já àkọlé ara ẹ̀. Ẹ jókòó, ẹ ká ẹsẹ̀, ẹ nà án, bíi ti ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́, nígbà ọgbọ̀n. Ẹ lóṣòó, ẹ dìde. Ẹ kúnlẹ̀ sórí táìsì. Ẹ fi ọwọ́ fà á wálẹ̀. Tó bá yọ̀ nínú yàrá, á já yín kulẹ̀ lórí òkè. Àmọ́ tí ẹsẹ̀ yín bá ń ṣe wìnnìwìnnì, tàbí tó ń kú, ó ti há jù.

Tówó ò bá tó ńkọ́? Ẹ fi owó sórí ti orúnkún, kẹ́ ẹ rí Level lára ẹ̀. Fún ojúgun, ààbò tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ń fi sínú ìbọ̀sẹ̀ sàn ju ẹsẹ̀ lásán lọ nígbà tí pẹ́dà bá yí. Ti òkìríkà náà ò burú, tẹ́ ẹ bá fa rọ́bà ẹ̀ tó ṣì ń padà sáyè ẹ̀, tí ike ẹ̀ ò sì là. Lẹ́yìn ìlò, ẹ yọ fóòmù tó bá ṣeé yọ, ẹ fi omi tútù àti ọṣẹ díẹ̀ fọ aṣọ ẹ̀, ẹ sá a síbi tí oòrùn ò ti ní í jó o.

Òótọ́ kan ṣì wà tí àwọn tó ń tà á kì í pariwo ẹ̀. Ààbò yìí ń gba ìgbáni, ó sì ń dènà bíbó. Kò lè dènà kí orúnkún lọ́. Iṣan tó so eegun orúnkún pọ̀ lè já láìsí pé ohunkóhun gbá a, kìkì pé ẹsẹ̀ yí síbì kan, ara yí síbòmíràn. Tẹ́ ẹ bá ti ní ìṣòro orúnkún tẹ́lẹ̀, dókítà lẹ kọ́kọ́ máa rí, torí irú èyí tó ní irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì lè jẹ́ ohun tẹ́ ẹ nílò, òun sì nìyẹn, kì í ṣe ohun à ń fojú wọ̀n rà. Ẹ má sì jẹ́ kó kó ìgboyà òfo sí yín lára. Bíríkì ṣì ni bíríkì, ẹ máa fà á nígbà tó bá yẹ.

Àwa tá à ń ṣiṣẹ́, tá à ń sáré bá bọ́ọ̀sì, tá à ń gun àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ yìí náà la fi ń jẹun. Ẹni tí orúnkún ẹ̀ bá bàjẹ́ lọ́jọ́ Sátidé, ó ń bọ̀ wá ṣàlàyé fún ọ̀gá ẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Torí náà, kẹ́ ẹ tó tẹ bọ́tìnnì ìsanwó lórí fóònù yín, ẹ bi ara yín ní mẹ́ta: Irú pẹ́dà wo ni mò ń lò? Ta ló ń gbé mi gòkè? Ṣé á ṣì wà lórí orúnkún mi lẹ́yìn wákàtí méjì?

Tẹ́ ẹ bá mọ ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wa kẹ̀kẹ́, ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp kó tó náwó.