Èéfín, Ikọ́ Fée àti Ẹ̀dọ̀fóró Àgbẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ẹgbẹ́ àgbẹ̀ àti àwọn ìyá tí ń yan gàrí sọ, àwọn tí ilé wọn wà ní Ọjà'ba, Bẹẹrẹ, Mápó àti Bẹyẹrúnkà

  

Bí a bá pàdé báyìí, ọ̀rọ̀ pákí tuntun, ajílẹ̀ tàbí àgbàdo tó tètè ń gbó ni a sábà máa ń sọ. Lónìí, ara àgbẹ̀ fúnra rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹ lè ní, kí ló kan ẹ̀yin olùkọ́ àgbẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ikọ́? Ó kàn wá o. Ọkọ́ lè dára, irúgbìn lè dára, ilẹ̀ lè lọ́ràá. Bí kò bá sí èémí lára ẹni tí yóò kọ ebè, òfo ni gbogbo rẹ̀.

"Ọjọ́ ogbó ni"

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan ṣàlàyé. Kò sí agboolé tí irú ìyá yìí kò sí. Ilé rẹ̀ wà nítòsí Mápó, oko ọkọ rẹ̀ wà lọ́nà Akanran. Láti ìgbà ọmọge ló ti ń yan gàrí. Tẹ́lẹ̀, á ru ẹrù láti Ọjà'ba gun òkè Mápó láìsinmi. Nísinsìnyí, á dúró ní ẹ̀ẹ̀mẹta kó tó délé, àyà rẹ̀ á máa dún fée, fée. Láràárọ̀ ló ń wúkọ́, ikọ́ náà sì ti lé lọ́dún mélòó kan.

Kí ni àwọn ará ilé ń sọ? Ọ̀kan ní, "Ọjọ́ ogbó ni, ẹ fi Ìyá sílẹ̀." Èkejì ní, "Ayé ló ń ṣe wọ́n." Ẹ̀kẹta ní, "Tíbì ni, kí ọmọdé má mu nínú ife wọn." Kò sẹ́ni tó sọ pé, "Ẹ jẹ́ ká gbé wọn lọ fún àyẹ̀wò." Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni mo wá sọ lónìí.

Àrùn méjì tó jọra

Èkíní ni ikọ́ fée. Ọ̀nà tí èémí ń gbà nínú ẹ̀dọ̀fóró ẹni tó ní in kì í gba ìgbàkugbà. Bí èéfín, eruku, ọyẹ́, òórùn líle, tàbí eruku ara aáyán àti eku bá kàn án, á wú, á fún pọ̀, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á dí i. Èémí á wá máa dún bí ìgbà tí ènìyàn ń fọn fèrè. Bí ó bá rí oògùn, ọ̀nà náà á tún là. Ọmọdé ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí ṣe, ó sì máa ń tẹ̀ lé ìdílé. Kì í ranni. Ẹ lè bá a jẹun, ẹ lè bá a sùn.

Èkejì ni àwọn dókítà ń pè ní COPD. Àrùn ẹ̀dọ̀fóró ọlọ́jọ́ pípẹ́ ni. Èyí kì í dé lójijì. Èéfín àti eruku tí ènìyàn ti fà símú fún ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún, ni wọ́n máa ń ba ọ̀nà èémí jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Tábà wà nínú ohun tí ń fà á. Tíbì tó ti ṣe ènìyàn rí náà lè fi àpá sílẹ̀. Ibi tó ti bàjẹ́ kì í padà bọ̀ sípò. Ṣùgbọ́n bí a bá tètè mọ̀, tí a sì mú ohun tí ń bà á jẹ́ kúrò, èyí tó kù kò ní tètè lọ. Òun náà kì í ranni.

Tíbì, tí àwọn bàbá wa ń pè ní ikọ́ ife, ló ń ranni. Ojú kò lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀. Nítorí náà, ikọ́ tó bá ti pé ọ̀sẹ̀ 2, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ní ilé ìlera ìjọba. Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò àti oògùn tíbì.

Ó pọ̀ ju bí a ti rò lọ

Ní ọdún 2019, àwọn dókítà wa gbé àbájáde ìwádìí kan jáde, tí wọ́n ṣe láàárín ènìyàn tó lé ní 20,000 káàkiri Nàìjíríà. Nǹkan bí 6 nínú 100 ló ní àmì ikọ́ fée.

Nílé Ifẹ̀ níbí, wọ́n ní kí àwọn tó ti tó 40 ọdún sókè fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ẹ̀rọ tí ń wọn èémí. Ọdún 2016 ni àbájáde rẹ̀ jáde. Nǹkan bí 8 nínú 100 ni ọ̀nà èémí wọn ti dí. Ẹ gbọ́ èyí tó burú jù: kò tó ẹni 1 nínú 100 tí dókítà tíì sọ fún rí pé ó ní irú àìsàn bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni nǹkan bí 9 nínú 10 àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò kò mu sìgá rí láyé wọn. Ẹ kò wá rí i pé kì í ṣe àrùn amusìgá nìkan?

Àwọn àgbà ní, àìtètè mólè, olè ń mólóko. Àrùn yìí ti wà nínú ilé wa, a kàn ń pè é ní ọjọ́ ogbó ni.

Èéfín kò mọ ààlà

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé èéfín ìdáná inú ilé pa nǹkan bí mílíọ̀nù 3.2 ènìyàn ní ọdún 2020. Ó lé ní 237,000 ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 nínú wọn. Kì í ṣe ẹ̀dọ̀fóró nìkan ló ń bà jẹ́. Ó ń kan ọkàn, ó sì ń fa àrùn rọpárọsẹ̀.

Níbi tí a wà yìí, ọ̀nà méjì ni èéfín ń gbà bá wa. Ní oko, ìdí agbada gàrí àti ibi ìse epo pupa ni. Ìyá á jókòó ti iná láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ọmọ á wà lẹ́yìn rẹ̀, ohun tí ìyá bá ń fà símú, ọmọ náà ń fà á. Nílé, ní Bẹẹrẹ àti Bẹyẹrúnkà, ilé sún mọ́ ilé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ẹlòmíràn ti ń dáná. Èéfín ìdáná tèmi á gba ojú fèrèsé yín wọlé. Ẹ wá fi eruku èlùbọ́, ata gbígbẹ àti ẹ̀rọ ìlọta kún un.

Ní Ìbàdàn yìí kan náà, Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Chicago bá 324 aláboyún ṣe ìwádìí. Wọ́n fún apá kan ní sítóòfù tí ń lo ẹ̀tánọ́ọ̀lù, apá kejì ń lo igi tàbí kẹrosíìnì wọn lọ. Nígbà tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2017, ẹ̀jẹ̀ ríru kò pọ̀ láàárín àwọn tó gba sítóòfù bíi ti àwọn yòókù. Bí èéfín bá dín kù, ara á mọ̀ ọ́n.

Ohun tí agbára wa ká

Mo mọ̀ pé gáàsì ti wọ́n, ọ̀pọ̀ ló ti padà sídìí igi àti èédú. Ẹni tó lè ra gáàsì, kó rà á. Ẹni tí kò lè rà á, kó ṣe ìwọ̀nyí:

1. Igi gbígbẹ ni kí ẹ dá. Ẹ là á, ẹ sá a, ẹ kó o síbi tí òjò kò ti ní pa á. Igi tútù ló ń rú èéfín. Igi gbígbẹ á mú ooru wá.

2. Ẹ gbé ìdáná jáde nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí kò bá sí àyè, ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé méjèèjì kí afẹ́fẹ́ lè gba inú rẹ̀ já. Ẹ má ṣe dá èédú sínú yàrá tí ènìyàn sùn sí láé. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ tí kò lóòórùn ń pa ènìyàn lójú oorun.

3. Ẹ fi amọ̀ mọ ààrò gàrí kí ó yí agbada ká, kí ẹnu iná wà ní òdìkejì ibi tí ẹni tí ń yan gàrí jókòó sí. Ẹ fi ọ̀pá èéfín sí i, kó ga ju òrùlé àtíbàbà lọ.

4. Ẹ má pọn ọmọ sẹ́yìn nídìí agbada. Kí ìyá kan tọ́jú àwọn ọmọ lápá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, kí ẹ máa gbà á fún ara yín.

5. Ẹ fi aṣọ tó mọ́ bo imú àti ẹnu bí ẹ bá ń ku èlùbọ́ tàbí tí ẹ ń pa àgbàdo. Aṣọ kò tó fún oògùn kòkòrò; ìbòmú gidi ni kí ẹ lò, kí ẹ sì kọ ẹ̀yìn sí afẹ́fẹ́.

6. Ẹ̀yin bàbá, ẹ dẹ́kun sìgá àti áṣáà. Ẹni tí ikọ́ fée ń ṣe kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ oko tí wọ́n ń sun.

Ọ̀rọ̀ inhélà

Àwọn kan ní ẹni tó bá ti bẹ̀rẹ̀ inhélà, ikú ló kàn. Irọ́ ni o. Inhélà ń gbé oògùn díẹ̀ lọ tààrà sí ibi tó ń dùn wá. Oríṣi méjì ló wà. Ọ̀kan ń tú èémí sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Aláwọ̀ búlúù ló sábà máa ń jẹ́. Èkejì ń mú kí wíwú inú ọ̀nà èémí rọ̀, ojoojúmọ́ ni wọ́n sábà ń lò ó. Láti 2019 ni àwọn onímọ̀ àgbáyé ti sọ pé kí ẹni tó ti tó ọdún 12 má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé èyí tí ń tú èémí sílẹ̀ nìkan. Ẹ bi dókítà yín nípa èkejì. Ẹ fi omi yọ ẹnu lẹ́yìn tí ẹ bá lò ó.

Oògùn yìí ti wọ́n púpọ̀ láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ GlaxoSmithKline ti kéde ní oṣù kẹjọ ọdún 2023 pé àwọn ń kúrò ní Nàìjíríà. Nítorí náà, ẹ bi dókítà bóyá irú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́ mìíràn wà, tí owó rẹ̀ rọ̀.

Fún ọmọdé, ohun kan wà tí kò náni lówó. Ní Cape Town, ní Gúúsù Áfíríkà, àwọn dókítà fi hàn ní 1999 pé ike ẹlẹ́rìndòdò 500 mílílítà ń ṣiṣẹ́ bí èyí tí wọ́n ń rà. A ó lu ìdí ike náà ní ihò tó bá ẹnu inhélà mu gẹ́lẹ́, a ó ki inhélà bọ̀ ọ́, ọmọ á sì máa mí láti ẹnu ike. Ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì fi hàn yín kí ẹ tó ṣe é.

Ìgbà tí kò yẹ kí a dúró mọ́

Bí ènìyàn kò bá lè sọ gbólóhùn kan parí nítorí èémí, bí ihà ọmọ bá ń wọnú, bí ètè bá ń dúdú, tàbí bí inhélà kò bá ràn án, ẹ má se àgbo, ẹ má dúró di àárọ̀. Ẹ gbé e jókòó, ẹ má dùbúlẹ̀ rẹ̀, ẹ fún un ní inhélà rẹ̀, ẹ sì máa gbé e lọ. Ará Bẹẹrẹ, Adéọ̀yọ́ Yemẹtù kò jìnnà; UCH náà wà. Ẹni tí ikọ́ rẹ̀ ti pẹ́, Ọsibítù Ẹ̀dọ̀fóró ti ìjọba wà ní Jẹ́ríkò.

Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ oko ńkọ́, lóru? Ìdí nìyí tí mo fi bẹ ẹgbẹ́ yín ní ohun mẹ́ta. Ẹ mọ orúkọ gbogbo ẹni tí ikọ́ fée ń ṣe ní abúlé yín, kí inhélà máa bá wọn lọ sóko bí àdá ṣe ń bá wọn lọ. Ẹ bá ọlọ́kadà kan sọ ọ́ sílẹ̀, ẹni tí yóò dìde bí a bá kàn án nílẹ̀kùn lóru. Ẹ sì yọ díẹ̀ nínú owó àjọ yín fi mọ ààrò kan tó ní ọ̀pá èéfín ṣáájú ìgbà yíyan gàrí tó ń bọ̀. Bí àwọn yòókù bá rí i, wọn á ṣe tiwọn.

Kí ẹni tó mọ irú ìyá tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan mú un lọ fún àyẹ̀wò kí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó parí. Ẹ má pè é ní ọjọ́ ogbó mọ́.

 Oko á ṣe dáadáa, a ó sì ní èémí tí a ó fi kórè rẹ̀.