Kí Abẹ Tó Kan Ìsàlẹ̀ Agbárí
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún àwọn ará Bajulaiye, ní Ṣómólú)



Mo bẹ̀ yín, kí olúkúlùkù fi ìka méjì kan ẹ̀gbẹ́ gògóńgò rẹ̀, ní apá kan ṣoṣo, kí ó má sì tẹ̀ ẹ́ le. Ohun tí ó ń lù lábẹ́ ìka yín yìí jẹ́ ọ̀kan nínú iṣan mẹ́rin tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ gba ọrùn lọ sí ọpọlọ. Méjì wà níwájú, lọ́tùn-ún àti lósì. Méjì yòókù ń gba inú ihò eegun ọrùn gòkè lẹ́yìn. Ọpọlọ kò ju nǹkan bí ìdá 1 nínú 50 ìwọ̀n ara lọ, ṣùgbọ́n bí ẹ̀jẹ̀ bá kọ̀ láti dé ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ péré, apá kan ara lè rọ, ẹnu lè wọ́, ohùn sì lè lọ.

Pẹpẹ eegun kan wà tí ọpọlọ jókòó lé, lókè ihò imú àti ọ̀nà ọ̀fun. Ibẹ̀ ni a ń pè ní ìsàlẹ̀ agbárí. Inú eegun yìí gan-an ni àwọn iṣan iwájú méjèèjì ń là kọjá, nítòsí etí, títí dé ẹ̀yìn imú. Níbẹ̀ pẹ̀lú ni ẹ̀yà ara kékeré kan wà, tí kò tóbi ju hóró ẹ̀wà lọ. Nígbà mìíràn kókó a máa hù lára rẹ̀, a sì máa ba ojú jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Láti yọ ọ́, oníṣẹ́ abẹ lè gba ihò imú wọlé. Iṣan ẹ̀jẹ̀ wà lọ́tùn-ún rẹ̀, iṣan ẹ̀jẹ̀ wà lósì rẹ̀, àyè tí ó sì wà láàárín kò tó nǹkan.

Èyí tí ó le jù ni pé ara ènìyàn kò rí bákan náà. Nínú ara ẹlòmíràn, eegun tí ó yẹ kí ó bo iṣan náà fẹ́lẹ́ púpọ̀, tàbí kí ó má tilẹ̀ sí. Nínú ara ẹlòmíràn, iṣan ọrùn a wọ́ kọrọ títí yóò fi sùn sí ẹ̀yìn ọ̀fun. Kókó náà sì lè ti dì mọ́ iṣan yí ká. Ẹ̀yin atẹ̀wé Ṣómólú, ta ni nínú yín tí yóò sọ ẹ̀rọ ìgébébà kalẹ̀ sórí òkìtì bébà láìkọ́kọ́ mọ ibi tí ìlà wà?

Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Látúndé Odeku dé UCH ní Ìbàdàn ní 1962, tí ó di oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, kò tíì sí ẹ̀rọ CT níbikíbi láyé. Ọ̀nà tí Egas Moniz, ará Pọtogí, là sílẹ̀ ní 1927 ni àwọn dókítà ń tọ̀: a ó ta oògùn sínú iṣan ọrùn fúnra rẹ̀, a ó sì yára ya fọ́tò. Ní 1971 ni wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ CT yẹ orí aláìsàn wò ní Lọ́ńdọ̀nù. Godfrey Hounsfield ni ó ṣe é, ní ilé-iṣẹ́ EMI, ilé-iṣẹ́ kan náà tí ó tẹ àwo orin Fela. Òun àti Allan Cormack, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1979.

Lónìí, abẹ́rẹ́ apá ni a fi ń fún aláìsàn ní oògùn tí iodine wà nínú rẹ̀. Ooru kan yóò la gbogbo ara kọjá, àwọn mìíràn a tilẹ̀ rò pé àwọn ti tọ̀ sára. Kí ẹ̀rù má bà wọ́n, yóò lọ. Láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, ẹ̀rọ yóò ya ọrùn àti orí ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ bí ewé ìwé, kọ̀ǹpútà yóò sì to wọ́n pọ̀ di odindi. Nígbà náà ni oníṣẹ́ abẹ yóò yí àwòrán náà sọ́tùn-ún sósì, tí yóò rí ibi tí iṣan gbà, tí yóò sì rí bóyá àwọn iṣan náà so mọ́ ara wọn lábẹ́ ọpọlọ bí òrùka. Òrùka yìí kò pé nínú ara gbogbo ènìyàn. Ẹni tí tirẹ̀ kò pé, bí iṣan kan bá bàjẹ́, èkejì lè má lè gbà á sílẹ̀.

Mo mọ ohun tí àwọn ẹbí máa ń wí: “A ti ya àwòrán orí tẹ́lẹ̀, kí ni a tún ń sanwó òmíràn fún?” Owó náà kò kéré, èmi kò sì ní bá yín jiyàn lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n àwòrán tí ó fi kókó hàn lè má fi ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ hàn. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí pé lẹ́yìn tí dókítà wo irú àwòrán yìí, ó gba ọ̀nà mìíràn wọlé, tàbí kí ó ní òun kò ní fi abẹ kàn án rárá. Owó irú àwòrán bẹ́ẹ̀ kò ṣòfò.

Ẹ bi dókítà léèrè bóyá ti àtijọ́ tó, nítorí náà ẹ kó gbogbo fíìmù àti díìsìkì dání, ẹ má fi wọ́n sílẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kí wọ́n tó gún abẹ́rẹ́ náà, ẹ sọ bí kíndìnrín bá ń dààmú yín, bí ẹ bá ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, bí ẹ bá ní ikọ́ fée, bí oògùn irú èyí bá ti yọ yín lẹ́nu rí, àti ẹ̀yin obìnrin, bí oyún bá wà.