Ẹ̀fọ́rí Aboyún: Èyí Tí A Lè Tọ́jú Nílé àti Èyí Tí Kò Gbọdọ̀ Sùn Nílé

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ọdún Ẹgbẹ́ wa)

Olùkọ́ ni mí, n kì í ṣe dókítà; ohun tí ojú mi rí ni ó mú mi yan ọ̀rọ̀ yìí.

Ọ̀dọ́bìnrin kan ń gbé inú ilé kan náà pẹ̀lú wa. Oyún rẹ̀ ti wọ oṣù kẹjọ nígbà tí orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ. Àwa àgbà ilé ní oòrùn ọjà ni. Ó ní ojú òun ń ṣe bàìbàì; a ní ebi ni. Ní òru ọjọ́ kẹta, gìrì mú un. A gbé e dé ilé ìwòsàn, ìyá yè, ṣùgbọ́n ọmọ kò yè. Láti ọjọ́ náà, bí aboyún bá ní orí ń fọ́ òun, n kì í lè dákẹ́.

Òótọ́ ni pé púpọ̀ nínú ẹ̀fọ́rí aboyún kò léwu. Ebi, òùngbẹ, àìsùn, oòrùn àti ìrònú a máa fà á, pàápàá ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ tí ara ń yí padà. Kí aboyún máa mu omi dáadáa, kí ó máa jẹun díẹ̀díẹ̀ lóòrèkóòrè, kí ó dùbúlẹ̀ níbi tí ó dákẹ́ tí kò sì mọ́lẹ̀ jù, kí a fi aṣọ tutù lé e níwájú orí. Bí ó bá di dandan kí ó lo oògùn, paracetamol ni, ní ìwọ̀n tí agbẹ̀bí bá sọ. Kí ó yẹra fún ibuprofen, pàápàá láti ọ̀sẹ̀ 20, nítorí ó lè ba kíndìnrín ọmọ inú jẹ́. Oògùn alápòpọ̀ tí wọ́n ń kiri ní ibùdókọ̀ àti àgbo tí a kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kò yẹ ẹ́. Bí ara bá gbóná mọ́ ẹ̀fọ́rí, kí a lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ibà lè ni.

Ṣùgbọ́n a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Láti nǹkan bí oṣù karùn-ún oyún títí di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn ìbímọ, ẹ̀fọ́rí líle tí kò lọ lè jẹ́ àmì ẹ̀jẹ̀ ríru aboyún. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nìyí: kí ojú máa ṣe bàìbàì tàbí kí ó máa rí ìmọ́lẹ̀ tí ń kọ mànà, kí ojú àti ọwọ́ wú lójijì, kí abẹ́ egungun ìhà máa dun ni, kí èébì máa gbé ni. Kódà bí ẹ̀fọ́rí líle náà bá dá wà láìsí ìkankan nínú wọn, ilé ìwòsàn yá, lọ́jọ́ náà gan-an. Wọn yóò wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, wọn yóò yẹ ìtọ̀ wò. Bí ó bá dé 140 lórí 90, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ilé.

Gìrì tí ń tẹ̀lé e kì í ṣe ọwọ́ ayé. Abẹ́rẹ́ magnesium sulphate wà tí ń dènà rẹ̀. Ìdánwò ńlá kan tí a ṣe ní orílẹ̀-èdè 33, Nàìjíríà pẹ̀lú, tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2002, fi hàn pé abẹ́rẹ́ náà dín ewu gìrì kù ju ìdajì lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá tètè dé ni abẹ́rẹ́ ń ràn lọ́wọ́. Àìtètè mólè ni olè ń mú olóko.

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ fi owó ọkọ̀ pamọ́, ẹ má sì jẹ́ kí aboyún pa ọjọ́ àyẹ̀wò jẹ. Láti ọdún 2016 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí ó tó ẹ̀ẹ̀mẹjọ, ó kéré tán. Ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ má sọ pé, “Báyìí náà la ṣe bí tiwa.” Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn odi, bí ẹ bá ń kí aboyún ilé, ẹ bi í pé, “Orí ńkọ́? Ojú ńkọ́?” Mo sì bẹ Ẹgbẹ́ wa pé nínú owó ọdún yìí, kí a ra ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ méjì fún ilé ìtọ́jú aboyún ìlú wa.

A ó máa gbóhùn ìyá, a ó máa gbóhùn ọmọ.