Ẹni Tó Yẹ Kó Dúró Lórí Pápá: Iṣẹ́ Olùkọ́ Eré Ìdárayá àti Ìlera Ọ̀dọ́ ní Àríwá Èkìtì

Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ni mo gbé wá. Bí a bá fẹ́ kí eré ìdárayá ṣe ara àwọn ọmọ wa lóore láti Ìkọ́lé dé Ọ̀yẹ́, láti Ìdó dé Ọ̀tún, ipò olùkọ́ tó ń kọ́ wọn ní eré náà la ó kọ́kọ́ tún ṣe. Pápá dára, bọ́ọ̀lù dára. Ṣùgbọ́n níbi tí olùkọ́ ti gbọ́dọ̀ kúrò lórí pápá kí ó tó lè di ẹni ńlá, àwọn ọmọ díẹ̀ péré ni pápá náà yóò máa wúlò fún.

Ẹ jẹ́ ká wo bí ọ̀ràn náà ṣe tó. Ní ọdún 2019, àwọn onímọ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé àbọ̀ ìwádìí kan jáde láti orílẹ̀-èdè 146, lórí ọmọ ilé-ìwé tó tó mílíọ̀nù 1.6, àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 11 sí 17. Nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ, 81 ni kò lo ara wọn tó. Nínú àwọn ọmọbìnrin, ó tó 85. Ohun tí àjọ náà ní kí ọmọ máa ṣe ni eré tàbí iṣẹ́ tó ń mú kí èémí yára, fún ọgọ́ta ìṣẹ́jú lójúmọ́. Ẹ fi èyí wé ohun tí à ń pè ní eré ìdárayá nílé-ìwé wa. Íntà-háúsì ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni ọ̀pọ̀ òbí fi mọ̀ ọ́n. Ogunlọ́gọ̀ ọmọ á jókòó sábẹ́ kánópì, wọn á máa pàtẹ́wọ́ fún ìwọ̀nba tó ń sáré. Àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ yìí gan-an ni ìjókòó máa ń pa lára, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ tí a ń rí lára àgbàlagbà sábà máa ń ti inú ìṣesí ìgbà èwe wá.

Kí ló dé tí olùkọ́ fi ń bá àwọn tó yára nìkan ṣiṣẹ́? Bí a ṣe ń ka iṣẹ́ rẹ̀ ló fà á. Olùkọ́ eré ìdárayá àti ìlera (PHE) tó gba NCE ń bẹ̀rẹ̀ ní ìpele 07, ẹni tó gba oyè yunifásítì ń bẹ̀rẹ̀ ní 08, bíi ti olùkọ́ yòókù. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ olùkọ́ ìṣirò ń hàn nínú èsì WAEC, tirẹ̀ kò ní ibi tí yóò ti hàn ju ife-ẹ̀yẹ lọ. Ẹni tí a bá fi ife wọn iṣẹ́ rẹ̀ yóò wá ọmọ tó lè gba ife. Ọgbọ́n ni, kì í ṣe ọ̀lẹ. Nígbà tó bá sì dàgbà lẹ́nu iṣẹ́, ọ́fíìsì ni ìgbéga ń gbé e lọ. Ètò-ẹ̀kọ́ pàápàá dá kún un: àtúnṣe ọdún 2012, tí àwọn ilé-ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 2014, ti PHE bọ abẹ́ ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, òun àti kọ̀ǹpútà. Àtúnṣe tí wọ́n kéde ní 2025 ti dá orúkọ rẹ̀ padà lọ́tọ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀, àmọ́ orúkọ tó padà láìsí olùkọ́ tó dúró tì í, orí ìwé ni yóò kú sí.

Iṣẹ́ ìlera sì wà níbẹ̀ tí ẹlòmíràn kò lè bá a ṣe. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún 1989, agbábọ́ọ̀lù Samuel Okwaraji ṣubú lórí pápá ní Sùúrùlérè, nígbà tí Nàìjíríà ń bá Angola gbá bọ́ọ̀lù, ó sì kú. Ọmọ ọdún 25 ni. Àyẹ̀wò fi hàn pé ọkàn rẹ̀ ti tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ń ru. Bí irú èyí bá lè fara pa mọ́ lára agbábọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè, mélòó mélòó ni ọmọ ilé-ìwé tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wò rí? Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin àwa ọmọ Nàìjíríà ló gbé àbùdá AS. Àwọn ọmọ tó jogún àbùdá náà láti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá, tí wọ́n sì ní àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde, wà nínú kíláàsì wa, tí omi tó gbẹ lára wọn lọ́sàn-án gangan lè dá wàhálà sílẹ̀. Igi gangánran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti í wò ó. Kóòṣì tó wá yan ọmọ ní ọjọ́ kan kò lè mọ ìwọ̀nyí. Olùkọ́ tó ń rí ọmọ náà láti JSS 1 ló lè mọ ẹni tó ń mí gúlegúle, ẹni tó ti dákú rí, àti ọmọbìnrin tó fi pápá sílẹ̀ látìgbà tó ti ń ṣe nǹkan oṣù.

Àwọn kan á ní bí a bá ń lé gbogbo ọmọ kiri, a kò ní rí ògbóǹtarìgì mọ́. Wọ́n á tọ́ka sí pápá ìṣeré Oluyemi Kayode ní Adó, tí a fi sọrí ọmọ Èkìtì tó wà nínú ikọ̀ 4×100 mítà tó gba àmì-ẹ̀yẹ fàdákà ní ìdíje Òlíńpíìkì ní Barcelona ní 1992. Èmi náà ń yangàn pẹ̀lú orúkọ náà. Ṣùgbọ́n ta ló mọ ẹni tí yóò yára ní ọmọ ọdún 17 nígbà tó ṣì wà ní ọmọ ọdún 11? Bí ọmọ tó ń sáré bá ṣe pọ̀ tó ni àwọn tí a lè ṣà nínú wọn ṣe ń pọ̀ tó. Àwọn mìíràn á ní eré ń gba àkókò ìwé. Ní 2010, CDC, iléeṣẹ́ tó ń rí sí dídènà àrùn ní Amẹ́ríkà, ṣàkójọ ìwádìí 50 lórí eré nílé-ìwé àti èsì ẹ̀kọ́. Ohun tó lé díẹ̀ ní ìdajì àwọn ìbáṣepọ̀ tí wọ́n yẹ̀ wò fi hàn pé ó ń ṣàǹfààní, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ìyókù fi hàn pé kò pa ohunkóhun lára. Èyí tó fi hàn pé ó ń ba ẹ̀kọ́ jẹ́ kò pé méjì nínú ọgọ́rùn-ún. Àtakò tó wúwo jù ni pé ọmọ oko kò nílò eré, ó ti rin òkè, ó ti ro oko. Òtítọ́ wà níbẹ̀ fún àwọn tó ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ọ̀kadà ti ń gbé ọ̀pọ̀ lọ sílé-ìwé báyìí, oko kò sì kọ́ ẹnikẹ́ni bí a ṣe ń na iṣan kí a tó sáré, tàbí ohun tí a ń ṣe fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ dáwọ́ dúró.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo dá lábàá. Kí ìgbìmọ̀ tó ń rí sí iṣẹ́ olùkọ́ fi àkàbà ìgbéga sí orí pápá, kí olùkọ́ PHE lè dé ìpele àgbà láìdi igbákejì ọ̀gá-ilé-ìwé. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2022 gba olùkọ́ láyè láti ṣiṣẹ́ dé ọjọ́ orí 65 tàbí 40 ọdún lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni ọgọ́ta ọdún kò ní máa fọn fèrè kiri, ṣùgbọ́n ó lè di alábòójútó ìlera eré fún ilé-ìwé márùn-ún, kí ó máa tọ́ àwọn ọ̀dọ́ olùkọ́. Èkejì, kí a ka iye ọmọ tó ń ṣeré lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, lọ́kùnrin lóbìnrin, mọ́ iṣẹ́ olùkọ́ PHE kí a tó ka ife. Ẹ̀kẹta kò nílò owó ńlá: yunifásítì ìjọba àpapọ̀ wà ní Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ́lé, ilé-ìwòsàn ńlá ìkọ́ni wà ní Ìdó. Kí wọ́n jọ máa kọ́ àwọn olùkọ́ yìí ní àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ́jú pàjáwìrì nígbà ìsinmi tó gùn. Àwọn ilé ńlá wọ̀nyí wà láàárín wa. Ohun tó kù ni kí àwọn tó ń fọwọ́ sí ìwé ìgbéga gbà pé iṣẹ́ ìlera ni olùkọ́ yìí ń ṣe, kí wọ́n sì san owó rẹ̀ bẹ́ẹ̀.