Àkọsílẹ̀ Aláìsàn àti Ẹ̀rọ Kọ̀ǹpútà: Ohun Tó Kan Ọ̀dọ́ Níbẹ̀



Kókó ọ̀rọ̀ ọjọ́ òní dá lórí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá, àti iṣẹ́ tó ń ṣe nínú ìtọ́jú aláìsàn ní ilé-ìwòsàn. Ó ṣeé ṣe kí àwọn kan rò pé ọ̀rọ̀ àwọn dókítà àti àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ni èyí, pé kò kan ẹni tí ara rẹ̀ le. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbé ìyá rẹ̀ lọ sí ilé-ìwòsàn ìjọba ní ìdájí, tó jókòó síwájú fèrèsé àwọn onífáìlì títí oòrùn fi mú, tí wọ́n sì wá sọ fún un pé àwọn kò rí fáìlì ìyá, kí ó lọ ra káàdì tuntun, yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kan òun gbọ̀ngbọ̀n.

Kí ni ìtumọ̀ káàdì tuntun? Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé lójú dókítà tí yóò rí ìyá yìí, òwúrọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni àìsàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Dókítà kò ní mọ̀ pé ó ti tó ọdún mẹ́jọ tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń bá a fínra. Kò ní mọ̀ pé wọ́n ti gún un ní abẹ́rẹ́ pẹnisílíìnì rí, tí ojú rẹ̀ wú, tí èémí rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dá. Bí ó bá béèrè oògùn tí ìyá ń lò, ìyá yóò dáhùn pé, “Oògùn funfun kékeré kan ni, ọmọ mi.” Oògùn funfun kékeré mélòó ló wà lórí àtẹ? Èyí tó ń mú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ wà níbẹ̀, èyí tó ń mú súgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ wà níbẹ̀, èyí tí a fi ń sùn náà sì wà níbẹ̀. Bí dókítà bá ṣi èyí mú fún èyí, ẹ̀mí lè bá a lọ, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé dókítà náà kò mọṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ orúkọ tún dá kún un. Moríamọ̀ ni wọ́n ń pe obìnrin kan ní ilé. Akọ̀wé kan kọ ọ́ ní Moriamo, èkejì kọ ọ́ ní Mariam, ẹ̀kẹta, tí ó ti lọ sí ilé-kéwú, kọ ọ́ ní Maryam. Fáìlì di mẹ́ta fún ènìyàn kan ṣoṣo. Ẹ̀wẹ̀, ní àwọn ìlú bí Ìwó, Ìbàdàn àti Ìlọrin, àwọn obìnrin tí orúkọ wọn ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, tí orúkọ bàbá wọn sì ń jẹ́ Ràjí, pọ̀ débi pé àbájáde àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ọ̀kan lè bọ́ sínú fáìlì èkejì láìsí ẹni tí yóò fura. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ni kò mọ ọjọ́ ìbí wọn. Akọ̀wé á kàn kọ ọjọ́ kìíní oṣù kìíní sílẹ̀ fún wọn. Kọ̀ǹpútà kò lè wo gbogbo èyí sàn. Ohun tó lè ṣe ni pé kí ó fi nọ́ńbà kan ṣoṣo, fọ́tò, nọ́ńbà tẹlifóònù àti ìtẹ̀ka ya ẹnì kan sọ́tọ̀ kúrò lára ẹlòmíràn, kí ó sì wá orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn jáde pa pọ̀ ní ìṣẹ́jú kan, bí àwọn tó ṣe ètò rẹ̀ bá ti kọ́ ọ pé orúkọ kan náà ni wọ́n.

Kíkọ ọ̀rọ̀ aláìsàn sílẹ̀ kì í ṣe ohun tuntun, kì í sì í ṣe òyìnbó ló kọ́kọ́ ṣe é. Abu Bakr ar-Razi, oníṣègùn ọmọ ìlú Rayy ní ilẹ̀ Páṣíà, ẹni tó kú ní nǹkan bí ọdún 925, tó sì ti ṣe olórí ilé-ìwòsàn ní Rayy àti ní Baghdad, a máa kọ ohun tó rí lára àwọn aláìsàn rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n kó àwọn àkọsílẹ̀ náà jọ di ìwé ńlá tí à ń pè ní Al-Hawi. Ohun tó yí padà lóde òní ni pé àkọsílẹ̀ kò dúró sójú kan mọ́: dókítà, nọ́ọ̀sì, yàrá àyẹ̀wò àti àwọn tó ń pín oògùn lè máa wo ojú ewé kan náà lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀nà tí ìmọ̀ yìí gbà dé ilẹ̀ Yorùbá dùn ún gbọ́. Ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, ní nǹkan bí ọdún 1966, àwọn òṣìṣẹ́ Massachusetts General Hospital bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe èdè kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n pè ní MUMPS, nítorí àkọsílẹ̀ aláìsàn gan-an. Nígbà tí àwọn ọdún 1970 ń parí lọ, àwọn ilé-ìwòsàn tí ìjọba Amẹ́ríkà ń fi tọ́jú àwọn ọmọ ogun àtijọ́ fi èdè yìí kọ ètò tí wọ́n wá ń pè ní VistA lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn. Àwọn ará Finland mú irinṣẹ́ kan náà lò ní ilé-ìwòsàn tiwọn. Láti Finland ni ó sì gbà dé Ilé-Ifẹ̀.

Ní ọdún 1989 ni àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ilé-ìwòsàn ńlá ti yunifásítì náà, àti àwọn olùkọ́ Yunifásítì Kuopio ní Finland fọwọ́sowọ́pọ̀. Ẹ rántí bí ọdún yẹn ti rí: kò sí tẹlifóònù alágbèéká ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ìjọba ni kò sì ní ju ẹ̀rọ ìtẹ̀wé olóhùn gbẹ̀kẹ̀gbẹ̀kẹ̀ lọ. Ètò tí wọ́n kọ́kọ́ gbé kalẹ̀ ń kọ ẹni tí wọ́n gbà sí wọ́ọ̀dù, ẹni tó jáde, ẹni tí wọ́n gbé láti wọ́ọ̀dù kan sí òmíràn, àti àrùn tó gbé e wá. Wọn kò fi í sílẹ̀ bí ó ti ti Finland wá. Wọ́n ń tún un ṣe kí ó bá ọ̀nà tí ilé-ìwòsàn Ifẹ̀ ń gbà ṣiṣẹ́ mu. Inú iṣẹ́ yìí ni ètò tí wọ́n pè ní MINPHIS ti jáde, èyí tí a sì tún gbé lọ sí àwọn ilé-ìwòsàn ńlá mìíràn ní Nàìjíríà. Kò yẹ kí ọmọ Yorùbá kankan máa sọ pé irú iṣẹ́ yìí ju agbára wa lọ nígbà tó jẹ́ pé ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí àwọn ènìyàn wa ti ṣe é ní Ifẹ̀.

Kí ni èrè rẹ̀? Ní ìparí oṣù Kẹjọ ọdún 2005, ìjì líle Katrina kọlu ìlú New Orleans, omi sì bo ìlú. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwòsàn àti ọ́fíìsì dókítà ni fáìlì oníwèé ti rẹ, tó jẹrà, tó sì parun. Àwọn ọmọ ogun àtijọ́ tí wọ́n sá àsálà lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn rí i pé láàárín ọjọ́ díẹ̀, dókítà tí kò rí wọn rí ń ka àìsàn wọn, oògùn wọn àti àbájáde àyẹ̀wò wọn lójú kọ̀ǹpútà, nítorí pé ẹ̀dà àkọsílẹ̀ náà wà níbòmíràn.

Àpẹẹrẹ kejì ti ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì kan wá. Ní ọdún 1992, Sue Kinnick, nọ́ọ̀sì ní ilé-ìwòsàn àwọn ọmọ ogun àtijọ́ ní Topeka ní ìpínlẹ̀ Kansas, lọ dá ọkọ̀ tí ó yá padà. Ó rí i tí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ fi ẹ̀rọ kékeré kan ka ìlà dúdú-funfun tó wà lára ọkọ̀. Ó rò ó pé bí wọ́n bá lè fi ìyẹn mọ ọkọ̀, kí ló dé tí a kò fi í mọ aláìsàn àti oògùn rẹ̀? Láti inú èrò yìí ni ètò kan ti wá, tí ó sì ti tàn dé àwọn ilé-ìwòsàn yòókù ní nǹkan bí ọdún 2000: nọ́ọ̀sì á fi ẹ̀rọ ka àmì tó wà lọ́rùn ọwọ́ aláìsàn, á ka ti ara oògùn; bí oògùn kò bá jẹ́ ti ẹni náà, tàbí tí àkókò rẹ̀ kò tíì tó, kọ̀ǹpútà á kìlọ̀. Ẹ kíyè sí i pé ẹni tó dúró ti aláìsàn ló ro èyí, kì í ṣe oníṣòwò ẹ̀rọ.

Àmọ́ ẹni tó bá yin ẹ̀rọ láìsọ àbùkù rẹ̀ kò ṣe òtítọ́. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà pinnu láti fi ètò tuntun rọ́pò VistA, ilé-ìwòsàn kan ní ìlú Spokane ni wọ́n ti kọ́kọ́ lò ó, ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020. Bí dókítà bá fẹ́ kí aláìsàn lọ ṣe àyẹ̀wò tàbí kí ó lọ rí dókítà àgbà, á tẹ àṣẹ sínú ẹ̀rọ. Bí ibi tí àṣẹ náà ń lọ kò bá bá èyí tí ẹ̀rọ mọ̀ mu, ẹ̀rọ kò ní kígbe. Á rọra gbé àṣẹ náà sí ibì kan tí ẹnikẹ́ni kì í wò. Ní oṣù Keje ọdún 2022, àwọn olùyẹ̀wò ìjọba ibẹ̀ sọ pé àṣẹ tó lé ní 11,000 ló sọnù báyìí, pé ó sì pa àwọn aláìsàn lára nígbà 149. Dókítà rò pé òun ti ránṣẹ́. Aláìsàn rò pé wọn yóò pe òun. Bí fáìlì oníwèé bá sọnù, a ó mọ̀ pé ó sọnù. Ti ẹ̀rọ yìí sọnù, kò sì sẹ́ni tó mọ̀.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú, ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ọdún 2017, ètò burúkú kan tí wọ́n ń pè ní WannaCry wọ inú àwọn kọ̀ǹpútà kárí ayé, ó ti wọ́n pa, ó sì ń béèrè owó ìtúsílẹ̀. Nínú àjọ ilé-ìwòsàn 236 tó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó kéré tán 80 ni ọ̀ràn náà kàn. Wọ́n dá aláìsàn padà, wọ́n ní kí ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn máa lọ síbòmíràn. Oṣù méjì ṣáájú ni Microsoft ti gbé àtúnṣe tó lè dènà rẹ̀ jáde. Ọ̀pọ̀ ni kò fi sínú ẹ̀rọ wọn.

Ẹlòmíràn yóò ní iná mọ̀nàmọ́ná ńkọ́? Ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání ni, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ti dáhùn rẹ̀ ní Áfíríkà níbí. Ní Lilongwe ní orílẹ̀-èdè Malawi, àwọn tí wọ́n dá Baobab Health sílẹ̀ lo kọ̀ǹpútà tí kì í jẹ iná púpọ̀, tí a ń fi ìka tẹ ojú rẹ̀, tí bátìrì sì lè gbé nígbà tí iná bá lọ. Ní Mosoriot, ní ìwọ̀-oòrùn Kẹ́ńyà, ilé-ìwòsàn ìgbèríko kan bẹ̀rẹ̀ sí í lo àkọsílẹ̀ kọ̀ǹpútà ní ọdún 2001. Ìrírí Kẹ́ńyà wà lára ohun tó bí OpenMRS ní 2004, ètò ọ̀fẹ́ tí ẹnikẹ́ni lè mú kí ó sì tún ṣe. Òun náà ni a gbé ètò àkọsílẹ̀ àwọn tó ń gba ìtọ́jú kòkòrò HIV kà ní Nàìjíríà.

Ó ku ọ̀rọ̀ àṣírí, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ yìí ti kan ọ̀dọ́ jù. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan fẹ́ gbé ìyàwó. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àkọsílẹ̀ ilé-ìwòsàn. Ó bẹ ọ̀rẹ́ náà pé kí ó bá òun yẹ ti ọmọbìnrin náà wò: irú ẹ̀jẹ̀ wo ló ní, ṣé kò lóyún rí, ṣé kò ní àrùn kan? Ọ̀rẹ́ rò pé oore ni òun ń ṣe. Àmáánà ló ń jẹ. Òfin ilẹ̀ yìí pàápàá kò fara mọ́ ọn: abala 26 nínú òfin ìlera ti ọdún 2014 sọ pé àṣírí ni ọ̀rọ̀ aláìsàn, àfi bí òun fúnra rẹ̀ bá fọwọ́ sí i nínú ìwé, tàbí bí ilé ẹjọ́ tàbí òfin bá pàṣẹ, tàbí bí pípa á mọ́ bá fẹ́ ṣe aráàlú ní jàǹbá ńlá, tàbí fún òbí ọmọdé àti ẹni tó ń dúró fún ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Òfin ààbò àkọsílẹ̀ ti ọdún 2023 náà ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ ohun ẹlẹgẹ́. Bí ọmọkùnrin náà bá fẹ́ mọ irú ẹ̀jẹ̀, kí àwọn méjèèjì jọ lọ ṣe àyẹ̀wò.

Kọ̀ǹpútà lágbára ní ọ̀nà méjì nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó fẹ́ jí fáìlì oníwèé ẹgbẹ̀rún kan nílò ọkọ̀. Ẹni tó fẹ́ jí ti inú ẹ̀rọ lè kó o sínú àpò ṣòkòtò. Ṣùgbọ́n fáìlì oníwèé kò lè sọ ẹni tó ṣí i. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe dáadáa a máa kọ orúkọ ẹni tó wo ojú ewé kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ tó wò ó àti wákàtí rẹ̀. Ohun tó ń ba èyí jẹ́ ni kí òṣìṣẹ́ mẹ́fà máa fi ọ̀rọ̀ ìwọlé ẹnì kan ṣoṣo wọlé, tí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ẹ̀rọ kí ẹnikẹ́ni má baà gbàgbé. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, ìmọ̀ nọ́ọ̀sì àti ìmọ̀ àkọsílẹ̀ ìlera ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ẹ̀yin ni wọn yóò gbé irú ẹ̀rọ yìí síwájú ní ọjọ́ tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ kọ̀ láti yá ènìyàn ní ọ̀rọ̀ ìwọlé yín. Ẹ sì béèrè ibi tí ẹ̀dà àkọsílẹ̀ wà, àti ìgbà tí wọ́n dán an wò kẹ́yìn bóyá ó ṣì ṣeé kà.

Ní ti àwọn òbí tó wà nílé, kò sí ìdí láti dúró de ẹ̀rọ ìjọba. Ẹ ra ìwé kékeré kan fún ìyá àti bàbá. Ẹ kọ orúkọ wọn sí i bí ó ti wà lórí NIN gan-an, lẹ́tà kan kò gbọdọ̀ yàtọ̀, kí akọ̀wé sì máa dà á kọ láti ibẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà káàdì ilé-ìwòsàn kọ̀ọ̀kan, àìsàn tí dókítà ti dárúkọ, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ti ṣe àti ọdún rẹ̀, oògùn tí wọ́n ń lò àti ìwọ̀n rẹ̀. Oògùn tí kò bá ara wọn mu, bíi pẹnisílíìnì ti ìyá tí a mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan, ẹ fi bírò pupa kọ ọ́ sí ojú ewé àkọ́kọ́. Kí ìwé náà wà nínú àpò ìyá, kì í ṣe nínú àpótí, kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀ sínú tẹlifóònù ọmọ kan tó ń gbé nítòsí.