Bí A Ṣe Ń Ra Ayùn Oníná Tí Í Gbọ̀n

Ní 1967, ilé iṣẹ́ Fein ní Jámánì ṣe ayùn kan tí kì í yí; ṣe ni í ń gbọ̀n wìrìwìrì. Báńdéèjì líle ara ẹni tí eegun rẹ̀ ṣẹ́ ni wọ́n ń fi gé.

Irú rẹ̀ la fi ń gé ìdí férémù ilẹ̀kùn lónìí, kí táìsì lè wọ abẹ́ rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ má tíì bèèrè agbára rẹ̀. Ẹ wo ibi tí a ń so ojú ayùn mọ́, nítorí wọn kò dọ́gba. Ojú ayùn gan-an ni í jẹ owó: ìṣó kan péré lè ba eyín èyí tí a ṣe fún igi jẹ́. Ṣé wọ́n ń tà á nítòsí yín? Bí wọn kò bá tà á, ẹ fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó.

Ẹ mú èyí tí a lè dín eré rẹ̀ kù. Irin ń fẹ́ pẹ̀lẹ́. Ẹ ra awò ìdáàbòbò ojú mọ́ ọn.